Lẹ́ńsì Tuntun Atẹ̀wé àti Ojú Ọ̀tún Mi

                                                  Yàrá Ìránṣọ,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹwàá.

Opélẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ láìsí ìrora? Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bí ẹni pé ó lè dá wọn lóhùn? Bá mi kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé aṣọ tí wọ́n ní kí n rán, ohun tó dá a dúró gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ báyìí. Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó ṣe ìdánwò, ṣé èsì ti jáde? Baálé rẹ náà ńkọ́? Mo kí gbogbo yín o. Ní tiwa níhìn-ín, a wà láàyè, a ń jẹun, a ń sùn. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n má baà purọ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ọ sí mi. O pè títí, mi ò gbé e. Kì í ṣe pé mo ń sá fún ọ, ohùn ara mi ni mi ò fọkàn tán. Tí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́, ẹkún ló máa kọ́kọ́ jáde. O sì mọ ara rẹ, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, a ó wá jókòó ti fóònù, a ó máa sunkún bí ìgbà tí wọ́n sanwó fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

O mọ bí Atẹ̀wé, ọkọ mi, ṣe rí láti ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé. Ọkùnrin tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, tó ń wo bàtà ara rẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní, “Ohunkóhun.” Tí mo bá gbé ohunkóhun náà wá, kò ní jẹ ẹ́. Kámẹ́rà àtijọ́ tó fi máa ń ya àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n kéré wà nínú àpótí, kò fọwọ́ kàn án. Àfi lọ́jọ́ kan, mo ti ibi tí mo ti lọ ra òwú dé, mo bá a tó ń nù ún. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn. Ó ń ya igi, ó ń ya òrùlé, ó ń ya aṣọ tí àwọn èèyàn sá síta, tó fi di pé àwọn kan tó ń ṣe kàlẹ́ńdà ní kó mú àwòrán oòrùn tó ń wọ̀ wá, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ wá lẹ́ńsì gígùn kan rà, irú èyí tó máa ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí bí ẹni pé wọ́n gbé e sí iwájú ilé èèyàn.

Opélẹ́ńgẹ́, lọ́jọ́ tí lẹ́ńsì yẹn dé, ọkọ mi kọrin nínú balùwẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dára, o mọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ orin yẹn tán.

Ó ní dandan ni kí n bá òun lọ dán an wò lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí èèyàn ti lè rí adágún omi àti gbogbo òrùlé tó wà nísàlẹ̀. Aṣọ ìyàwó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, aṣọ funfun tí ọmọ olùkọ́ kan fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Atẹ̀wé ṣe ń wò mí, mi ò lè sọ pé rárá. Mo gbé àpótí ìjókòó kékeré kan, ó gbé kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé e lé, a gun òkè. Ó ń sáré níwájú bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá gba súìtì, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì kan ilẹ̀. Ó ṣì lágbára. Atẹ̀wé gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ń yí lẹ́ńsì síwá sẹ́yìn, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí jígí ojú tó ń lò, kì í fojú sí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ojú gíláàsì tí àwòrán ti máa ń hàn ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n ó ní nínú ihò yẹn ni ohun gbogbo ti máa ń mọ́ kedere jù, ó sì fẹ́ kí n rí i.

“Wá wò ó,” ó ní. “Jọ̀ọ́, wá wò ó.”

Mo fi ojú ọ̀tún síbẹ̀. Háà! Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi láàárín adágún, tí mi ò tiẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Mo rí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Mo rí ẹyẹ kan lórí wáyà iná lókèèrè, ó ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo pariwo. Inú Atẹ̀wé dùn débi pé ó ń fọwọ́ lu itan.

“Ìyẹn ò tí ì jẹ́ nǹkan kan. Jẹ́ kí n gbé e sókè díẹ̀. Oòrùn gan-an ni mo fẹ́ kí o rí.”

Ó gbé e sókè. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ohun tí mo rí. Ó tóbi, ó pọ́n bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, ó ń mì, ìkùukùu tín-ín-rín kan sì là á láàárín bí òwú. Omi ń dà lójú mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé ojú kúrò. Ṣùgbọ́n Atẹ̀wé dúró ti èjìká mi, ó ń mí sí mi létí, ó ń bi mí pé, “Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?” Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yẹn ti fi nǹkan kan hàn mí tí inú rẹ̀ dùn sí. Mo ní, “Mo rí i. Ó dára gan-an.” Mo sì tún ń wò ó.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, àbàwọ́n dúdú kan wà níwájú mi lójú ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni, mo gbé ẹsẹ̀ sókè kí n lè ré e kọjá. Ó tún wà níwájú. Mo wo ògiri, ó gun ògiri. Mo wo òkè, ó tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀. Mo ní kò burú, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù fún mi, tí mo bá sùn, á lọ. Mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di ojú òsì, mo wo ọkọ mi tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo rí etí rẹ̀ méjèèjì, mo rí irun rẹ̀, mo rí àgbọ̀n rẹ̀. Ojú àti imú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n wà ṣókùnkùn bí ibi tí tàdáwà dà sí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò jí i kí n sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Èmi náà rò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Jẹ́ kí n fi àwọn àwòrán àná hàn ọ́.” Ó jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ tán. Mo wò ó pé tí mo bá la ẹnu báyìí, ọkùnrin yìí á padà sẹ́nu ọ̀nà, á sì máa wo bàtà rẹ̀ títí ayé. Mo pa ẹnu mọ́. Mo ní á lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé á lọ.

Ìwọ tí o jẹ́ aránṣọ, o mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn má rí ihò abẹ́rẹ́. Mo fi ojú òsì gbìyànjú rẹ̀, òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Èmi tí ìwọ àti ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ sọ ní Onítéèpù nítorí pé ẹ ní inú ojú mi ni téèpù mi wà! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́ kéékèèké. Tí oníbàárà bá wọlé, mo máa ń ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òwú yìí bọ abẹ́rẹ́, epo ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi.” Mo máa ń wo nǹkan láti ẹ̀gbẹ́, torí tí mo bá yí orí díẹ̀, àbàwọ́n yẹn máa ń yẹ̀ kúrò lórí ohun tí mo fẹ́ rí. Tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń di ojú òsì, mo máa ń wò ó bóyá ó ti dín kù. Tí mo bá wà lójú pópó, nọ́ńbà ọkọ̀ ni mo máa ń fi dán an wò. Ọkàn mi kì í balẹ̀ kí n tó dán an wò, tí mo bá sì dán an wò tán, kì í balẹ̀ mọ́ rárá.

Aṣọ ìyàwó yẹn ló fẹ́ tú mi fó. Aṣọ funfun, òwú funfun. Mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lójú mi ó tọ́ bí ojú irin rélùwéè. Olùkọ́ mú ọmọ rẹ̀ wá kó wá wọ̀ ọ́ wò. Ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó ń yí po, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ìyá Aránṣọ,” ó ní, ó rọra sọ ọ́, “ṣé bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyí ni?”

Mo sún mọ́ ọn, mo yí orí, mo fi ojú òsì wò ó. Opélẹ́ńgẹ́, ojú rírán yẹn ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó ń sá fún iná. Mo ní ẹ̀rọ ló ń yọ mí lẹ́nu, mo ní n ó tú u, n ó tún un rán. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n mo rí i tó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lápá, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí sì yé mi: wọ́n á lọ wá aránṣọ mìíràn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ń tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, omijé ń kán sí i, mo tún ń bẹ̀rù pé omijé náà á ba funfun rẹ̀ jẹ́.

Mi ò mọ̀ pé Atẹ̀wé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì rẹ̀, tó fẹ́ mọ bó ṣe máa ń ya èèyàn tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó to àwọn àwòrán kan sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Èmi ni mo wà nínú gbogbo wọn.

“Wọ́n dára,” mo ní, láìwò wọ́n dáadáa.

“Wọn ò dára. Wo orí rẹ.”

“Kí ló ṣe orí mi?”

“O yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, bí adìyẹ tó ń wo àṣá. Èyí tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo yà kí a tó lọ sórí òkè kò rí bẹ́ẹ̀.”

Mo ní ọrùn ló ń dùn mí, mo ní ìrọ̀rí ni. Ó wá dúró níwájú mi, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì mi.

“Ìka mélòó ni mo nà?”

Mo wo inú òkùnkùn yẹn. Mo ní, “Mẹ́ta.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lójú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mi ò tí ì na ìkankan.”

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn di ẹkún. Síbẹ̀ mi ò dárúkọ òkè, mi ò dárúkọ oòrùn. Mo kàn ní ojú ń ṣe mí bákan ṣá.

A lọ sí ilé ìwòsàn ojú. A jókòó lórí bẹ́ńṣì gígùn, nọ́ọ̀sì ń kán oògùn sí wa lójú níkọ̀ọ̀kan, gbogbo wa gbé orí sókè bí àwọn tó ń retí òjò. Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin kan, ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ sí mi lójú, ó wò ó pẹ́.

“Màmá, ṣé ẹ wo oòrùn láìpẹ́ yìí? Bóyá ẹ fi awò kan wò ó?”

“Rárá,” mo ní.

Atẹ̀wé wà lórí àga lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, “Lẹ́ńsì mi ni. Èmi ni mo ní kó wò ó.”

Mi ò yíjú padà. Dókítà ṣàlàyé pé irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ máa ń kó oòrùn jọ sójú kan, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń fi awò kó o jọ sórí bébà títí bébà á fi jó. Ó ní ibi kékeré kan ti jó lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀tún mi, ibẹ̀ gan-an la sì fi ń rí ohun tí a bá dojú kọ. Mo bi í pé oògùn wo ni kí n lò. Ó ní kò sí. Mo bi í pé ṣé ó máa san. Ó ní ó máa ń san fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín oṣù díẹ̀, ti àwọn kan kì í lọ tán, òun ò sì lè sọ èwo ni tèmi. Ó fún mi ní bébà kan tí wọ́n fa ìlà sí, lóròó àti níbùú, ó ní kí n máa fi ojú ọ̀tún wò ó láràárọ̀. Láàárín bébà yẹn, àwọn ìlà náà tẹ̀, wọ́n wọnú ara wọn bí ibi tí aṣọ ti há sẹ́nu ẹ̀rọ.

Bí a ṣe délé, Atẹ̀wé lọ tààrà síbi kámẹ́rà rẹ̀. Ó tú lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e padà sínú páálí rẹ̀. Ó ní òun máa dá a padà fún ẹni tó tà á, tí onítọ̀hún ò bá gbà á, òun á jù ú sínú adágún. Ó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo ń sá fún ti dé nìyẹn. Mo dúró nínú ilé, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò mọ èyí tí mo ń bẹ̀rù jù, ojú mi ni tàbí ẹ̀yìn yẹn. Aṣọ ìyàwó wà lórí tábìlì ní títú, ọjọ́ ìgbéyàwó ń bọ̀. Inú bí mi lójijì. Mo jáde lọ bá a.

“Tí o bá ju lẹ́ńsì yẹn sómi, ṣé ojú mi máa là?”

“Rárá.”

“Tí o bá jókòó síbí títí di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?”

Ó wo bàtà rẹ̀.

“Dìde, kí o wá bá mi ṣiṣẹ́. Mi ò rí ìlà. Ìwọ lo máa ń sọ pé ìlà tó tọ́ lo fi gbogbo ayé rẹ wò nílé ìtẹ̀wé. Wá wo tèmi.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn?”

“Nítorí pé ò ń kọrin.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, mo jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó mú rúlà àti ṣọ́ọ̀kì aránṣọ, ó fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ó gbé àga ti ẹ̀rọ. Èmi ń rán an, òun ń pè é: “Ọ̀tún díẹ̀. Ó tó. Máa bọ̀. Dúró!” bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi ẹ̀yìn rìn. A jà gan-an. Ó ní mo ń yára jù, mo ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà kan tó pariwo “Dúró!” tí mo fi gún ara mi níka, mo ní tó bá tún pariwo bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n a rán an tán. Olùkọ́ wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ti bá aránṣọ mìíràn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀. Ó ní, “Ó tọ́.” Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ mí.

Lẹ́ńsì náà kò dé inú adágún. Èmi ni mo ní kó gbé e padà sórí òkè, mo ní n ó bá a lọ. Ó kọ̀, mo fi agídí mú un. A lọ, mo sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ó ń bi mí ṣáá pé, “Ṣé o ò wẹ̀yìn?” títí mo fi ní tó bá tún bi mí, n ó wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, òun náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó wá ń ya àwọn ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ń bà lé: òrùlé, ojú fèrèsé tó ń kọ mànà, òkè òdìkejì tó pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníkàlẹ́ńdà, wọn ò tí ì fèsì. Lójoojúmọ́ ló ń yẹ fóònù wò, èmi náà ń wò ó tó ń wò ó. Kò tí ì tún kọrin. Mo ṣì ń tẹ́tí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, a padà lọ rí dókítà. Wọ́n bo ojú òsì mi, wọ́n ní kí n máa ka àwọn lẹ́tà ara ògiri. Mo ka ìlà tí mi ò rí rárá nígbà àkọ́kọ́, mo tún ka èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Atẹ̀wé pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì ní kó dákẹ́. Dókítà ní ó ń jinná, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti san. Mo gba oríṣiríṣi ọ̀nà bi í kó lè sọ ọ́, kò sọ ọ́. Àbàwọ́n yẹn ti kéré, kò dúdú mọ́, ó rí bí èéfín. Mo ti ń rí imú ọkọ mi báyìí, ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì máa ń fara pamọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni àyà mi máa ń lù kìkì kí n tó mú bébà onílà yẹn. Tí ìlà rẹ̀ bá tẹ̀ ju ti àná lọ ńkọ́? Tó bá dúró síbi tó dé yìí títí láé ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, mi ò kọ́ òmíràn.

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo ọmọ. Bá mi fún Ìyá ní omi tútù mu kí o tó sọ fún wọn, kí o sì sọ ọ́ ní kékeré. Tí ọmọbìnrin wa bá pè ọ́ láti ilé ìwé, jọ̀ọ́, dá a lóhùn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó máa fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sáré wá ni, kò sì sí ohun tó lè ṣe níbí ju kó jókòó máa wò mí lọ. Ẹni kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti tó mi.

Ó ku ohun kan. Láti ibi tí mo ti kọ “Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá” títí dé ibi tí o ń kà yìí, gèlè ni mo fi di ojú òsì mi. Ojú ọ̀tún nìkan ni mo fi kọ ọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú bébà tí kò ní ìlà ni. Lójú tèmi, ó tọ́. Atẹ̀wé náà ní ó tọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn mi jù, kò lè sọ òótọ́ fún mi lórí èyí. Ìwọ lo máa ń tú iṣẹ́ mi nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, tí o máa ń jù ú padà sí mi lẹ́sẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Gbé rúlà lé àwọn ìlà yìí, kí o sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi. Má pè mí. Kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á.

                                                  Ẹni rẹ tí kò ní ẹlòmíràn tó lè sọ èyí fún,
                                                  Onítéèpù.